Wi-Fi ọ̀fẹ́ mẹ́gábíìtì 500 ní àdúgbò kan ní Ìlọrin: kí la rí nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò?

Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí ni pé kí n wá sọ bóyá kí àdúgbò gba ẹ̀bùn tuntun kan tàbí kí wọ́n má gbà á. Ọmọ àdúgbò náà kan tó ń gbé lókè òkun ló ti ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì onífíbà, èyí tó ń gba inú wáyà tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọlé, fún gbogbo ará ibẹ̀ látìgbà tí Iléyá 2024 ti kọjá. Mẹ́gábíìtì 500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ilé-iṣẹ́ tó tà á sọ pé yóò máa wọlé. (Mbps ni n ó máa kọ láti ibí lọ, torí bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é nìyẹn.) Ojúde gbọ̀ngán àdúgbò ló wà, kò jìnnà sí Ọjà-Ọba, kò ní páásíwọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni tó bá tan Wi-Fi orí fóònù rẹ̀ lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ọdún tó yípo, ìráhùn ti pọ̀ ju ọpẹ́ lọ. Àwọn kan ní kì í mú, àwọn kan ní ó ń mú ṣùgbọ́n kò lọ, àwọn mìíràn ní àfi òru. Ìròyìn dé etí ẹni tó ń sanwó, ó sì dáhùn bí ọmọ rere: ó ní bí 500 kò bá tó wọn, òun yóò sọ ọ́ di gígábíìtì 1, ìyẹn ìlọ́po méjì. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn. Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alhájì, ló ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó wá wò ó. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe ní Tanke, bí wọ́n ṣe kàn sí mi nìyẹn.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ torí ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní Ọ̀fà, òun náà ni wọ́n ń bi mí ní Òmù-Àrán: ṣé íntánẹ́ẹ̀tì tó yára tó bẹ́ẹ̀ wúlò fún ará ìlú lóòótọ́? Mi ò ní dárúkọ àdúgbò náà, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wọn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn tà ló ń wọlé, ẹ ó rí i níwájú.

Àdúgbò náà àti àwọn tó ń lò ó

Àdúgbò àtijọ́ ni. Agbo-ilé fara kan agbo-ilé, ọ̀nà tóóró ló la àárín wọn kọjá, ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára sì nípọn débi pé inú yàrá máa ń tutù lójú oòrùn ọ̀sán gan-an. Gbọ̀ngán wà ní ojúde, igi dóńgóyárò ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Yàrá akọ̀wé ni wọ́n gbé ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn fóònù, sí, lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn onírin ló sì wà lẹ́nu yàrá náà nítorí olè. Wáyà fíbà wọlé láti títì ńlá. Fíbà kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin mọ́. Ìjọba Kwara ti gé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fún wáyà sí náírà 1 péré fún kìlómítà kan, bẹ́ẹ̀ náírà 145 fún mítà kan ni iye tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà fẹnu kò sí ní 2013.

Mo jókòó sábẹ́ dóńgóyárò yẹn láti ọ̀sán di alẹ́ kí n tó tú ohunkóhun. Ẹ̀rọ lè sọ iye tó ń wọlé, kò lè sọ ohun tí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń wá.

Alhájà kan tó ń ta aṣọ òfì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Oníbàárà wọn kan ní Èkó ti rí fọ́tò àlàárì tuntun, ó ní kí wọ́n pe òun lórí fídíò kí òun fojú ara òun rí àwọ̀ rẹ̀, torí pupa inú fọ́tò máa ń tanni jẹ. Wọ́n na aṣọ náà sójú oòrùn, wọ́n yọ fóònù. Fóònù kọ “Obtaining IP address”, ó ń yí, ó ń yí. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Ó tún ń yí. Nígbà tó sú wọn, wọ́n pa Wi-Fi, wọ́n fi dátà ara wọn pe oníbàárà. Wọ́n ní, “Ẹnjiníà, látàárọ̀ ni mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí. Bí mo bá mọ̀, ilé ni ǹ bá ti pè é.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin tó ń gbé ní àdúgbò náà wá gba ìwé ẹ̀kọ́ sórí fóònù. Àwọn ọmọkùnrin kan wá gba fíìmù, wọ́n sì ń wo TikTok bí wọ́n ṣe ń dúró dè é. Mi ò rí àìdáa kankan nínú ìyẹn. Íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ènìyàn ni, àwọn náà wà lára gbogbo ènìyàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá, ó fi í sórí bẹ́ǹṣì, ó sọ fún mi pé láti ìjẹta ni òun ti ń gbìyànjú láti fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ẹni tó gbé e fún òun.

Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì ni mo rí èyí tó dùn mí jù. Ààfáà ilé-kéwú kan ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kéwú lórí Zoom. Apá kan oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Wọ́n fi rọ́bà so fóònù mọ́ òpó, wọ́n jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan ń ka Fátíà. Ó dé “iyyāka”, ohùn gé. Nígbà tí yóò fi padà, ọmọ ti dé “al-mustaqīm”. Ààfáà ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ó tún gé níbòmíràn. Ẹni tó bá mọ kéwú yóò mọ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀: ibi tí lẹ́tà ti ń jáde lẹ́nu ọmọ àti bó ṣe ń fà á ni olùkọ́ fẹ́ gbọ́ kó lè tọ́ ọ sọ́nà. Bí ohùn bá ń fò, kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá ọmọ náà kà á dáadáa tàbí ó ṣì í kà. Ìyá ọmọ náà yọjú, ó bẹ Ààfáà, ó ní kí àwọn fi í di ọ̀la.

Mo tọrọ fóònù náà lọ́wọ́ Ààfáà, mo sì wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yára tó lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ka 34 Mbps. Ẹ̀kọ́ Zoom láàárín ènìyàn méjì kì í gbà tó 4 Mbps, bí àwòrán rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ kedere. Ohun tó wà nílẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí wọ́n nílò lọ, síbẹ̀ wọn ò rí Fátíà kan gbọ́ délẹ̀.

Ohun tí mo bá nídìí rẹ̀

Mo ki wáyà láti ara ráútà bọ kọ̀ǹpútà mi: 487 Mbps. Ilé-iṣẹ́ tó tà á kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọkùnrin kan tó dúró tì mí ní irọ́ ni, òun kò rí ju 60 lọ rí nígbà tí òun fi wáyà gba fíìmù lóru. Mo fi yé e pé bíìtì ni wọ́n ń tà, báìtì ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kà, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Ẹ pín 500 sí ọ̀nà mẹ́jọ, 60 àti díẹ̀ ni yóò jáde.

Ohun tó ṣe Alhájà ni mo wá kàn lẹ́yìn ìyẹn. Fóònù tó bá fẹ́ lo Wi-Fi gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà àdírẹ́sì lọ́wọ́ ráútà. Ráútà yìí, irú èyí tí wọ́n ń fún ilé ìdílé kan, ní nọ́ńbà 253 láti pín, ó sì ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún wákàtí 24 gbáko. Ojúde yẹn sì jẹ́ ọ̀nà ọjà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ti wọlé rí, tó ń lọ ra ẹran, yóò kàn gba ibẹ̀ kọjá. Fóònù inú àpò rẹ̀ yóò gba nọ́ńbà kan láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀, nọ́ńbà yẹn kò sì ní bọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn títí di ọ̀la. Kí ìrun Aláásárì tó tó, gbogbo rẹ̀ ti tán. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, gígábíìtì 10 ì báà máa wọlé, kò ní rí ọ̀kan lò níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn níbẹ̀ jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n: ìgbì Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ańtẹ́nà kan ṣoṣo ló sì wà nínú wọn. Lórí Wi-Fi tí irú wọn ń lò, 72 Mbps ni òpin ohun tí wọ́n lè bá ráútà sọ, ìyẹn lórí ìwé, bí wọ́n bá dúró tì í gẹ́lẹ́. Èyí tó ń dé ọwọ́ gan-an kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 500 síwájú rẹ̀, ẹ fi 1,000 síwájú rẹ̀, ohun kan náà ni yóò gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni bí wọ́n ṣe ń pín in. Ráútà tó ń lo ọ̀nà ìgbì kan (ohun tí wọ́n ń pè ní “channel”) kì í bá irú àwọn fóònù wọ̀nyí sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù ní láti dúró de ìgbà tirẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rọ omi àdúgbò: bí omi inú táǹkì tilẹ̀ pọ̀, ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń tò sí. Ẹni tó gbé garawa wá yóò pọn tirẹ̀ kíá, yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó gbé kèrègbè ẹlẹ́nu tóóró wá yóò dá gbogbo ìlà dúró. Fóònù tó wà lẹ́yìn ògiri amọ̀ méjì, tí kò gbọ́ ráútà dáadáa, ni oníkèrègbè yìí. Ráútà á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un, nígbà mìíràn títí dé 1 Mbps, àkókò tí yóò sì fi fún un ní báìtì díẹ̀ tó láti kó ìlọ́po àádọ́ta rẹ̀ fún ẹni tó wà nítòsí. Ní alẹ́, èmi fúnra mi ka fóònù tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó rọ̀ mọ́ ráútà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti inú yàrá. Bí wọ́n bá fi gígábíìtì kún ohun tó ń wọ inú táǹkì, ẹnu ẹ̀rọ ṣì jẹ́ ọ̀kan.

Ohùn Ààfáà tó ń gé ní ìdí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ń wọn àkókò tí iṣẹ́ kékeré kan fi ń dé Lọ́ńdọ̀nù kó sì padà. Nígbà tí ibẹ̀ dá, kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ púpọ̀. Bí oní-fídíò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, ó ń ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ráútà ń kó ohun tí kò tíì rí àyè gbé lọ jọ sínú ìlà gígùn kan, ohùn Ààfáà tí kò wúwo rárá sì wà lẹ́yìn fídíò ìgbéyàwó nínú ìlà náà. Ohùn tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Zoom kò ní dúró dè é, yóò sọ ọ́ nù. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n mi fi ka 34 tí ẹ̀kọ́ kò sì ṣeé ṣe.

Iná ni ó kù. Bí iná bá lọ, ráútà kú, wọn kò sì ní bátìrì kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí iná bá lọ ni àwọn ènìyàn máa ń jáde wá sábẹ́ igi.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí

Kí ìpàdé tó wáyé, mo kó àpẹẹrẹ díẹ̀ jọ fún Bàbá Alhájì, kó má bàa dà bí ẹni pé ojúkòkòrò iṣẹ́ ló ń ṣe mí.

Ní New York, oṣù kìíní 2016 ni wọ́n ṣí LinkNYC, àwọn òpó tí wọ́n fi rọ́pò fóònù ojú pópó, tí Wi-Fi ọ̀fẹ́ ara wọn lè yára dé gígábíìtì 1. Wọ́n fi tábílẹ́ẹ̀tì sí ara òpó náà kí ẹni tí kò ní fóònù lè rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n ti yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára tábílẹ́ẹ̀tì, torí pé àwọn kan ń jókòó tì í fún wákàtí gbọọrọ, ẹlòmíràn kò sì rí i lò. Yíyára kò kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe pín in.

Google Station, ètò Wi-Fi ọ̀fẹ́ ti Google, náà wà ńlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Mumbai Central ní oṣù kìíní 2016, ó dé Èkó ní oṣù keje 2018. Ní oṣù kejì 2020, Google kéde pé àwọn yóò fòpin sí i. Wọ́n ní dátà fóònù ti dínwó, ó sì ti rọrùn láti rí ju ìgbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní tiwa, òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀: ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, fún wọn láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ẹ wo Alhájà yẹn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n bá wá sí ojúde, kì í ṣe yíyára. Bí ẹ bá fún wọn ní 5 Mbps tí kì í gé, wọn kò ní béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yín.

Iṣẹ́ kan tún wà tí Mike Belshe ṣe ní Google ní 2010. Ó wo bí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára ṣí. Láti 1 Mbps sí 2, ìyàtọ̀ pọ̀. Láti 5 sí 10, ìyàtọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti dín àkókò àlọ-àbọ̀ kù, ojú ewé ń yára sí i ní gbogbo ìgbà. Láti Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ohun tí à ń ṣí ń bẹ lókè òkun, wáyà abẹ́ òkun ló sì ń gbé e wá; ìgbà tí àwọn wáyà wọ̀nyẹn gé nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta 2024, ẹni tó ní 500 àti ẹni tó ní 5 jọ ń wo ara wọn ni.

Ìpàdé ní gbọ̀ngán

Gbọ̀ngán kún. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí, mo sì ní kí wọ́n má gba gígábíìtì. Kí wọ́n bẹ ẹni tó ń sanwó pé kó fi owó tó fẹ́ fi kún un ra ohun tí yóò gbé 500 tó wà nílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn.

Aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ dìde. Ó ní, “Bàbá, a kì í dá ẹ̀bùn padà. Bí a bá ní a kò fẹ́ èyí, ó lè má fún wa ní òmíràn mọ́.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí nǹkan kì í wá lẹ́ẹ̀mejì kì í fẹ́ kọ èyí tó wá.

Bàbá Alhájì dá a lóhùn pé, “A ò dá a padà. À ń tọ́ka ibi tí a fẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ni.” Wọ́n bi mí pé mélòó ló tó fún àdúgbò. Mo ní kí wọ́n wo ètò íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ti 2020 sí 2025: 25 Mbps ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó máa dé ọ̀dọ̀ ará ìlú ńlá, 10 fún ará ìgbèríko. Ẹni tó ń wo fídíò tó mọ́ dáadáa lórí fóònù kì í lò ju 5 lọ. Bí ogójì ènìyàn bá ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, 200 nìyẹn, kò sì wọ́pọ̀ kí ogójì ènìyàn máa fa íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ WhatsApp kì í fà á rárá bó ṣe ń kà á.

Wọ́n pe ọmọ wọn lórí fóònù níbẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn. Ó ní òun ti sọ fún àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ pé gígábíìtì ń bọ̀ ní ilé bàbá òun, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò òun ní ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ní. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ìfẹ́ ló bí i. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, 500 tí ẹ san ń bẹ níbí lóòótọ́, inú yàrá akọ̀wé ló ń sùn sí.” Ààfáà gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ohun tí a nílò ránṣẹ́ sí òun.

Ohun tí a ṣe, àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ

A fi ráútà tó lágbára ju ti ilé lọ sí ẹ̀yìn èyí tí ilé-iṣẹ́ fún wọn, a sì na wáyà láti ibẹ̀ lọ sí ojú mẹ́rin: abẹ́ òrùlé gbọ̀ngán níta, ilé-kéwú, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ẹnu Wi-Fi tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fọ́n Wi-Fi síta. Ní ìgbì 2.4, ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn, ìyẹn 1, 6 àti 11, nítorí náà àwọn méjì tó jìnnà sí ara wọn jù ló jọ ń lo ọ̀kan. Mo pa àwọn ìwọ̀n falẹ̀-falẹ̀ bíi 1 àti 2 Mbps, kí fóònù tó wà lọ́nà jíjìn má bàa dá ìlà dúró mọ́. Yóò wá ẹnu tó sún mọ́ ọn tàbí kó jáwọ́. Nọ́ńbà àdírẹ́sì di nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, ìdajì wákàtí sì ni fóònù tó bá kọjá lọ lè dì í mú.

Mo fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní fq_codel sí ẹnu ọ̀nà, òun ló ń tún ìlà tò kí ohùn tó fúyẹ́ má máa dúró lẹ́yìn ẹrù wúwo. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní òpin 10 Mbps títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òpin kò sí mọ́. Bátìrì fóòtì 12 kan àti pánẹ́ẹ̀lì sólà kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, torí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í jẹ iná púpọ̀.

Ẹ̀kọ́ Ààfáà ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Mo jókòó sí ẹ̀yìn wọn ní ilé-kéwú lẹ́yìn Mọ̀gàríbì. Ọmọbìnrin yẹn ka Fátíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Ààfáà dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ní “aḍ-ḍāllīn”, wọ́n ní kó fa ohùn rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún un fà. Wọ́n gbọ́ ọ. Oní-fídíò sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní yàrá akọ̀wé ní wákàtí kan náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ní kó máa ṣe é.

Alhájà kò wá sí ojúde mọ́, inú ibi ìhunṣọ ni wọ́n ti ń pe oníbàárà, wọ́n á fi aṣọ kọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti lè kàn án. Àwọn ọmọkùnrin onífíìmù ń ráhùn pé mo ti rẹ yíyára sílẹ̀. Mo gbọ́ wọn, torí 10 kéré sí ohun tí wọ́n máa ń rí lóru nígbà tí ibẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé ó ń mú ní ọ̀sán nísinsìnyí, èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ń wo àkọsílẹ̀ ráútà náà láti Tanke. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ènìyàn máa ń pọ̀ jù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, gbogbo àdúgbò lápapọ̀ kò tíì lo tó 160 Mbps lásìkò tí òpin wà lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni: ojú mẹ́rin, fóònù tó lé ní igba, kò sì tó ìdá mẹ́ta ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Ẹni tí yíyára wúlò fún

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó rò pé mo ní yíyára kò dára. Ẹ wo oní-fídíò. Ìgbéyàwó kan tó yà máa ń tó gígábáìtì 40, ẹni tó ń gé e pọ̀ fún un sì wà ní Èkó. Lórí dátà fóònù tó ń fi 5 Mbps gbé nǹkan lọ, yóò gbà á ní nǹkan bí wákàtí 18, bí kò bá gé lágbedeméjì, ó sì máa ń gé. Ṣáájú èyí, ó máa ń fi dírááfù, àpótí kékeré tó kó fídíò náà sí, sínú bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin lọ sí Èkó, ọkàn rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ títí yóò fi dé. Ní yàrá akọ̀wé, a fi ojú wáyà kan sílẹ̀ fún irú wọn ní òru. Ọ̀nà àlọ íntánẹ́ẹ̀tì yìí, èyí tí à ń gbà fi nǹkan ránṣẹ́, kò ju 100 Mbps lọ (ọ̀nà àbọ̀, èyí tí nǹkan ń gbà wọlé, ló jẹ́ 500), ó ń rí nǹkan bí 90 lò níbẹ̀, gígábáìtì 40 sì ń lọ láàárín nǹkan bí wákàtí kan. Èyí yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó ti gba iṣẹ́ láti Ọ̀fà àti Ajáṣẹ́-Ìpo torí pé ó lè sọ pé fídíò yóò dé Èkó lóru ọjọ́ ìgbéyàwó.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ènìyàn tó yára gan-an wúlò, èsì mi ni pé ó wúlò fún ẹni tó ní ẹrù wúwo láti gbé, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n bá pín in fún dáadáa. Fún fóònù kan lọ́wọ́ ẹnì kan, yíyára ti kọjá ohun tó lè lò tipẹ́tipẹ́ kó tó dé 500. Owó tí à bá fi wá gígábíìtì ní irú àdúgbò báyìí, wáyà, ẹnu Wi-Fi àti bátìrì ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ tí ìgbìmọ̀ kò tíì parí. Owó tó ń lọ lọ́wọ́ ń bọ̀ wá tán. Mo dábàá pé kí wọ́n sọ yíyára rẹ̀ kalẹ̀ sí 200 Mbps, kí wọ́n fi owó tó bá kù na wáyà dé apá ìsàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí àwọn ènìyàn kò tíì rí ohunkóhun. Oní-fídíò ní kí a ro tòun, torí bí ọ̀nà àbọ̀ bá dín kù sí 200, ọ̀nà àlọ náà yóò dín kù, òru kan kò sì ní tó fún iṣẹ́ òun mọ́ lásìkò tí ìgbéyàwó bá pọ̀. Òun àti àwọn méjì mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ti ní àwọn yóò máa san nǹkan lóṣooṣù bí wọn kò bá gé e. Àwọn ará ìsàlẹ̀ àdúgbò ní àwọn náà ti ń dúró láti ọdún tó kọjá. Bàbá Alhájì ti ní kí n kọ iye wáyà tí apá ìsàlẹ̀ yóò gbà, kí àwọn oní-fídíò sì kọ iye tí wọ́n lè san sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì wà lórí tábìlì kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.